Ẹ fẹ́ lọ pẹja, ẹ fẹ́ ṣe fàájì ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́? Ohun tí apẹja kò bá jẹ́ ṣe lójú omi, ẹ̀yin náà ẹ má ṣe é

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ọjà ẹja ti máa ń gbóná nílùú Ẹ̀pẹ́. Àwọn apẹja tí wọ́n ti dẹ àwọ̀n sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ yóò ti lọ kó o, wọn yóò máa tukọ̀ bọ̀ wá sí èbúté, àwọn obìnrin tó ń ta ẹja yóò sì ti dúró dè wọ́n pẹ̀lú agbọ̀n àti ọpọ́n. Òbòkun á máa jà nínú ọpọ́n, ẹ̀pìyà á máa ta sókè, alákàn á máa wá ibi tó máa gbà sá lọ. Ẹni tó bá sùn títí di aago mẹ́wàá kó tó dé ibẹ̀, àjẹkù ọjà ló máa bá. Nǹkan àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó ń gbèrò àtilọ lo ìsinmi lágbègbè yìí mọ̀ rèé: aago apẹja ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe aago ẹni tó wá ṣe fàájì.

Bí wọ́n bá dárúkọ ìsinmi ẹja pípa, ìlú òkèèrè ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ. Wọ́n á rántí Kenya, níbi tí àwọn olówó ti ń fi ìwọ̀ fa ẹja ràgàjì nínú òkun, tàbí Cuba, níbi tí Ernest Hemingway, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé títí tó fi kọ ìtàn baba arúgbó kan àti òkun, ìwé tó jáde lọ́dún 1952. Bẹ́ẹ̀, nílẹ̀ wa níbí, ọdún ẹja pípa Argungu wà ní ìpínlẹ̀ Kebbi. Ọdún 1934 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bó ṣe wà lónìí, àjọ UNESCO sì fi kún àwọn àṣà tí aráyé gbọ́dọ̀ tọ́jú lọ́dún 2016. Ẹja tó gba ipò kìn-ín-ní níbẹ̀ lọ́dún 2020 wọn kìlógíráàmù 78. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ohun tó ṣàjèjì sí wa.

Àmọ́ ìyàtọ̀ wà láàárín Argungu àti ọ̀sà tiwa. Ọdún ni ti Argungu, wọ́n ń palẹ̀ mọ́ dè é ni. Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, iṣẹ́ òòjọ́ ni ẹja pípa, òun ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ, òun ni wọ́n fi ń san owó ilé ìwé. Àlejò tó bá ní òun fẹ́ bá wọn lọ sójú omi, ibi iṣẹ́ oníṣẹ́ ló wọ̀ yẹn. Ìdí nìyí tí a fi rò pé òfin kan ṣoṣo ló yẹ kí èèyàn fi ṣètò ìrìn àjò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: ohun tí apẹja tó mọṣẹ́ kò bá jẹ́ ṣe, kí àlejò má ṣe é. Ẹni tó bá di òfin yìí mú, yóò gbádùn, yóò sì padà sílé láyọ̀. Ẹni tó bá ta á nù, ẹ̀mí ara rẹ̀ àti tàwọn ọmọ rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Kí èèyàn tó ronú ìwọ̀ àti ìdẹ, ó yẹ kó mọ omi tó ń lọ. Ìkòròdú wà létí ọ̀sà Èkó, ní ìhà àríwá. Ọ̀sà yìí gùn ju 50 kìlómítà lọ, ó sì fẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìn púpọ̀ lọ́pọ̀ ibi. Bí èèyàn bá ń bá a lọ sí ìhà ìlà oòrùn, yóò kan ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ yóò kan ọ̀sà Lẹ́kki. Omi kan náà ni lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n adùn wọn kò dọ́gba. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ láti inú òkun máa ń gba ẹnu ọ̀nà Èkó wọlé, omi apá Ìkòròdú á sì máa níyọ̀. Bí òjò bá dé tí àwọn odò ńláńlá bíi odò Ògùn bá tú omi wọn sínú ọ̀sà, iyọ̀ yẹn á dínkù, omi á wá dà bí omi odò lásán. Ní ti ọ̀sà Lẹ́kki, omi odò ló jẹ́ láti January dé December.

Èyí ló fà á tí ẹja ibì kan fi yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Lápá Ìkòròdú, ẹ̀pìyà, edé àti alákàn wọ́pọ̀, àwọn ẹja òkun kan sì máa ń bá omi iyọ̀ wọlé. Lápá Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kki, ẹja omi odò ló pọ̀ jù: òbòkun, àrọ̀, ọ̀sàn, àti ẹ̀pìyà náà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìwọ̀ àti ekòló pa ẹ̀pìyà lè ṣe é níbi méjèèjì. Ẹni tí òbòkun wù, Ẹ̀pẹ́ ni kó kọjú sí.

Ìgbà wo ló dára jù láti lọ? Àwọn àgbà ní àtutù la ti ń ká ẹja, bó bá gbẹ tán, kíkán ló máa kán. Ètò ìrìn àjò náà kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ tó kù ọ̀la. Láti April dé July ni òjò máa ń pọ̀ jù lágbègbè Èkó, ó máa ń sinmi díẹ̀ lóṣù August, á tún padà lóṣù September àti October. Lásìkò wọ̀nyí, ìjì lè dé lójijì nígbà tí ọkọ̀ bá wà láàárín ọ̀sà, ìgbì á sì ga ju bí ọkọ̀ kékeré ṣe lè gbà á lọ. Láti November dé March ni ara máa ń tu àlejò jù lójú omi, nítorí òjò kò wọ́pọ̀. Àmọ́ bí ọyẹ́ bá mú gan-an lóṣù December sí January, kùrukùru lè bo ojú omi láàárọ̀ débi pé èbúté kò ní í hàn. Bí ẹ bá rí i pé apẹja ń dúró kí kùrukùru náà lọ kó tó gbéra, ẹ̀yin náà ẹ dúró.

Báwo wá ni èèyàn ṣe ń rí apẹja tó máa mú un lọ? Kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń fi owó rà ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó dára ni kí èèyàn lọ sí èbúté lọ́jọ́ tó ṣáájú, kó kí àwọn àgbà tó bá níbẹ̀, kó sọ ohun tó bá wá, kó sì ní kí wọ́n fi ẹni tó lè mú òun lọ han òun. Ojú ńlá ni àlejò ní, kò fi ń ríran. Àwọn ará èbúté mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ nídìí ọkọ̀, wọ́n mọ ẹni tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ máa ń kú lójú omi, wọ́n sì mọ ẹni tó ń mutí kó tó tukọ̀. Ìjẹ̀bú, Ìlàjẹ, Ẹ̀gùn àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ló ń pẹja lágbègbè yìí, oníkálukú ló sì ní ọ̀nà tó mọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí àdéhùn ṣe kedere kí ẹsẹ̀ yín tó wọnú ọkọ̀. Èló ni? Èèyàn mélòó? Aago mélòó la máa gbéra, aago mélòó la máa padà? Ta ló ni ẹja tí a bá pa? Ẹ má gbàgbé pé bí apẹja bá gbé yín lọ láàárọ̀, ó lè jẹ́ pé ó pa iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tì ni, nítorí náà, owó tó yẹ kó rí lójú àwọ̀n lọ́jọ́ náà ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, ẹ má wulẹ̀ nájà bí ẹni tó ń ra aṣọ òkìrìkà. Bí ó bá gbà fún yín, ẹ lè wo bó ṣe ń ju àwọ̀n, bó ṣe ń yọ ìgèrè tó ti rì sómi láti àná, àti bó ṣe ń to ìwọ̀ sórí okùn gígùn. Ọmọ tí kò rí ẹja rí àfi èyí tó ti dì gbagidi nínú fíríìjì, kò ní í gbàgbé ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló kàn báyìí, ibí yìí la sì fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa fara balẹ̀ kà. Kò sí ọdún tí a kì í gbọ́ pé ọkọ̀ ojú omi dojú dé nílẹ̀ yìí, àwọn ohun kan náà ló sì máa ń fà á lọ́pọ̀ ìgbà: èrò pọ̀ jù, ilẹ̀ ti ṣú, ọkọ̀ kọ lu igi tó wà nísàlẹ̀ omi, àwọn èrò kò sì wọ ẹ̀wù amúniléfòó tí wọ́n ń pè ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ojú omi, ìyẹn NIWA, àti ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ìyẹn LASWA, ti ń pariwo pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọkọ̀ láìwọ ẹ̀wù náà, àti pé kí ọkọ̀ èrò má rìn lóru.

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn apẹja kan kì í wọ ẹ̀wù yìí, kí ló dé tí àlejò yóò wọ̀ ọ́? Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Apẹja mọ̀ ọ́n wẹ̀ láti kékeré, ó mọ ibi tí igi wà nísàlẹ̀ omi, síbẹ̀ omi ṣì ń gbé irú wọn lọ nígbà mìíràn. Apẹja tó mọṣẹ́ kò ní í gbé ọmọ ẹlòmíràn tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ lọ láàárín ọ̀sà láìwọ̀ ọ́ láṣọ tó máa gbé e léfòó. Ẹ ra tiyín, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé èyí tó ti gbó nínú ọkọ̀. Ẹ wọ ti ọmọdé fún ọmọdé, nítorí ti àgbà lè yọ lọ́rùn rẹ̀ bó bá ṣubú sómi. Ẹ so okùn rẹ̀ dáadáa, ẹ má ká a lé orí itan. Ẹ má dìde dúró nínú ọkọ̀ tìtorí pé ẹ fẹ́ ya fọ́tò. Ẹ sọ fún ẹnì kan ní èbúté ibi tí ẹ ń lọ àti aago tí ẹ máa dé. Bí òjò bá ti ṣú, ẹ má bẹ ọlọ́kọ̀ pé kó gbéra; bó bá sì fẹ́ gbéra nítorí owó, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ̀.

Ìlú náà ní òfin tirẹ̀. Ní Ìkòròdú, wọ́n máa ń ṣe ọdún Orò, bó bá sì di ọjọ́ rẹ̀, obìnrin kì í jáde títí wọ́n á fi parí rẹ̀. Àwọn alákòóso ìlú máa ń kéde ọjọ́ náà ṣáájú. Ẹni tó bá fẹ́ mú ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀ lọ, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ onílé tàbí ilé ìtura tó fẹ́ sùn sí. Ibi kan wà lójú omi tàbí nínú igbó tí àwọn ará ìlú kì í gba àlejò láyè láti dé. Bí apẹja bá ní ká má gba ibì kan, ẹ má bá a jiyàn.

Ní ti ìlera, àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó kò ní agbára tí ara ọmọ ilé ní láti bá ibà jà. Kí àwọn òbí wọn rí dókítà kí wọ́n tó wọ bàálù, kí wọ́n gba òògùn tó ń dènà ibà, kí wọ́n sì gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Etí omi ni ẹ̀fọn pọ̀ sí, nítorí náà, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn àti àwọ̀n ẹ̀fọn ṣe pàtàkì bó bá di ìrọ̀lẹ́. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọdé máa wẹ̀ nínú omi tó dúró sójú kan. Kòkòrò tó ń fa àtọ̀sí ajá, èyí tó máa ń jẹ́ kí èèyàn tọ ẹ̀jẹ̀, lè gba awọ ara wọlé nínú irú omi bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹ lè rí púpọ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní, ẹ wọkọ̀ ojú omi láti Erékùṣù Èkó lọ sí èbúté Ìpakodò ní Ìkòròdú. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gba omi lè bá bọ́ọ̀sì BRT gba Mile 12 lọ, nítorí láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ń gba ojú ọ̀nà yẹn. Láti Ìkòròdú, ẹ lè dé Báyékù, ìlú àwọn apẹja, àti Ìjèdè, níbi tí ilé iṣẹ́ mànàmáná Ẹ̀gbìn wà létí ọ̀sà. Láàárín ọdún 1985 sí 1986 ni ilé iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀, agbára tí wọ́n kọ́ ọ láti máa pèsè sì jẹ́ mẹ́gáwáàtì 1,320. Lálẹ́, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń se ìkọ́kọrẹ́ tó ní ẹja dáadáa. Ẹni tó kúrò ní Ìkòròdú láìjẹ ìkọ́kọrẹ́, kò tíì débẹ̀.

Ọjọ́ kejì, ẹ gba ọ̀nà Ìtòíkin lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bí ẹ bá yà sí Èjìnrìn létí ọ̀sà, ẹ fi sọ́kàn pé ọ̀kan nínú àwọn ọjà ńlá tí Ìjẹ̀bú àti Èkó ti ń pàdé láyé àtijọ́ ni, kó tó di pé ọkọ̀ ojú irin àti mọ́tò gba òwò lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀pẹ́ náà ní ìtàn. Nígbà tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn àgbá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní December 1851, Ẹ̀pẹ́ lòun àtàwọn èèyàn rẹ̀ sá wá. Ọjọ́ 28 September 1854 ló bá Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn níbẹ̀. Ó padà sí Èkó lọ́dún 1862, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn rẹ̀ ló bá a lọ. Ìdí nìyí tí Èkó Ẹ̀pẹ́ fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ dòní, tí àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ sì ń ṣọdún Káyókáyó lẹ́yìn Iléyá láti fi rántí ìrìn àjò àwọn baba wọn.

Ọjọ́ kẹta ni kí ẹ fi sí ojú omi, láti ìdájí. Bí ẹ bá padà, ẹ wọ ọjà Olúwo, ẹ ra ẹja tútù tàbí èyí tí wọ́n ti yan gbẹ. Wọ́n máa ń ta ẹran ìgbẹ́ lágbègbè náà, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá na akíka sí yín, ẹ má rà á. Láti ọdún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ti fẹnu kò láti fòfin de títà rẹ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, òfin ilẹ̀ wa tó ń dáàbò bo àwọn ẹranko tó ń parẹ́ sì ti wà láti 1985. Lọ́sàn-án, ẹ lọ wo Erédò Súngbọ́. Yàrà àti odi tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ ni, tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká tó bíi 160 kìlómítà, tí gíga rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ yàrà sì tó mítà 20 láwọn ibì kan. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ, Bilikísù Súngbọ́, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má baà parẹ́. Ìwádìí tí àwọn awalẹ̀pìtàn gbé jáde ní nǹkan bí ọdún 2017 fi hàn pé apá tí wọ́n yẹ̀ wò jẹ́ iṣẹ́ nǹkan bí ọdún 1370 sí 1420. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ibi tí UNESCO ń gbé yẹ̀ wò láti ọdún 1995. Ẹ má lọ láìmú ẹni tó mọ ọ̀nà dání, nítorí igbó ti bo ọ̀pọ̀ rẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ lè gba ọ̀nà Lẹ́kki padà sí Èkó.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò fẹ́ fò. Iṣẹ́ àwọn tó ń gbé wa lọ sójú omi yìí wà nínú ewu. Láti ọdún 1984 tí ewéko water hyacinth ti gba ojú omi Benin wọ Badagry, ó ń bo ọ̀sà lọ́dọọdún, ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀, ó sì ń ya àwọ̀n. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fa yanrìn nísàlẹ̀ ọ̀sà ń da ibi tí ẹja ń yé sí rú. Àwọn kan sì ń fi májèlé tàbí ohun abúgbàù pa ẹja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ti kà á léèwọ̀. Àlejò ọjọ́ mẹ́ta kò lè yanjú gbogbo èyí, ṣùgbọ́n kò yẹ kó dá kún un. Ẹ má ju ọ̀rá àti ike sómi. Bí ẹ bá fi ìwọ̀ fa ẹja tí kò tíì dàgbà, ẹ dá a padà. Ẹ sùn sílé ìtura ìlú náà, ẹ jẹ oúnjẹ wọn, ẹ ra ẹja lọ́wọ́ ìyá tó ń yan án. Bí apẹja bá rí i pé owó wà nínú kí omi mọ́ kí ẹja sì wà láàyè, ohùn rẹ̀ á túbọ̀ le níwájú àwọn tó ń ba omi jẹ́.

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí ẹ tó gbéra, ẹ béèrè lọ́wọ́ apẹja. Bó bá ní ẹ wọ ẹ̀wù, ẹ wọ̀ ọ́; bó bá ní ẹ jókòó, ẹ jókòó; bó bá ní omi òní kò dára, ẹ padà sílé ìtura kí ẹ lọ jẹ ìkọ́kọrẹ́. Ọ̀sà yóò ṣì wà níbẹ̀ lọ́la.